Ṣé O Mọ̀? Láti Orí Káàdì Àjọ Dé Kíláàsì Ìṣúná Owó

Ṣé o mọ̀ pé àpò owó wà nínú ònkà Yorùbá? Ọ̀kẹ́ kan ni a ń pe 20,000, àpò sì ni ọ̀kẹ́. Láyé owó ẹyọ, 40 ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló sì ń kún ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tó bá sọ lónìí pé “ọ̀kẹ́ méjì,” àpò owó méjì ló dárúkọ láìmọ̀. Tún wo bí a ṣe ń pe 45: márùn-úndínláàádọ́ta. A ti dé 50 ná kí a tó yọ márùn-ún kúrò. Ìṣirò ti wà lẹ́nu wa kí a tó dé iléèwé, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn mí tí ọmọ wa bá ní òun kò lè ka ẹ̀kọ́ ìṣúná owó nítorí pé òun ń sá fún ìṣirò.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ Finance tàbí Banking and Finance sórí fọ́ọ̀mù JAMB ló rò pé nǹkan àjèjì ni àwọn fẹ́ lọ kọ́. Wọ́n á mú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Ẹ̀kọ́ Ọrọ̀ Ajé, wọ́n á fi ọ̀kan sí i, wọ́n á sì máa wo iwájú bí ẹni tó ń lọ sí ìlú tí kò dé rí. Èmi rí i pé ìyá wọn ti dé ìlú náà ṣáájú wọn.

Ṣé o mọ̀ pé èsúsú wa ti sọdá òkun, ó sì ti di orúkọ ní ìlú mìíràn? Ní Trinidad, sou-sou ni wọ́n ń pè é títí di òní. Ní 1952, William Bascom, onímọ̀ àṣà ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ àròkọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, èsúsú àwọn Yorùbá sì ni gbogbo ohun tó kọ sínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ṣì ń tọ́ka sí i.

Kí ni wọ́n rí níbẹ̀? Jẹ́ ká sọ pé obìnrin méjìlá ń dá ₦20,000 lóṣooṣù. Ẹnì kan á kó ₦240,000 lóṣù kìn-ín-ní, ẹlòmíràn lóṣù kejì, títí yóò fi kárí. Lójú ẹni tí kò kàwé ìṣúná, kò sẹ́ni tó jẹ èrè, kò sì sẹ́ni tó pàdánù. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti yáwó lọ́wọ́ mọ́kànlá yòókù láì san èlé kankan. Ẹni tó kó o gbẹ̀yìn ti yá gbogbo wọn lówó lọ́fẹ̀ẹ́. Owó tó wà lọ́wọ́ lóṣù Ṣẹẹrẹ àti iye kan náà tó dé lóṣù Ọ̀pẹ kì í ṣe owó kan náà. Gbólóhùn yìí ni òpó tó gbé gbogbo ẹ̀kọ́ ìṣúná ró; ní ọdún kìíní ni wọn yóò ti fi kọ́ ọ, títí o ó fi jáde ni o ó sì máa bá a pàdé. Ìyá tó ń bẹ̀bẹ̀ pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kó o kí iléèwé tó wọlé” ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ti àjọ tún yàtọ̀. Ìyá ìyá mi ta àlùbọ́sà n'Íbàdàn, káàdì àjọ rẹ̀ sì wà nínú àpótí títí tó fi dolóògbé. Ilà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lójú káàdì. Bí alájọ bá gba owó tòní, á fàlà sí i. Tí oṣù bá parí, á mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, á sì dá ìyókù padà. Fi ₦500 lójúmọ́ ṣírò rẹ̀. Ní ọjọ́ 31, ₦15,500 ló san. ₦15,000 ló gbà. Gbogbo wa ni yóò sọ pé ₦500 nínú ₦15,500 kò tó nǹkan, ìdá mẹ́ta àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣúná yóò ní ká sinmi ná. Owó yẹn kò wà lọ́wọ́ alájọ látọjọ́ kìíní. Ọjọ́ kìíní, ₦500 ni; ọjọ́ kejì, ₦1,000; bẹ́ẹ̀ ló ń gorí ara wọn títí di ọjọ́ 31. Tí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a pín in sí 31, ìwọ̀n owó tó wà lọ́wọ́ alájọ lójúmọ́ jẹ́ ₦8,000. Owó iṣẹ́ rẹ̀ wá di ìdá 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan ṣoṣo. Sọ ọ́ di ìlọ́po 12, o dé 75. Dípò kí olówó gba èlé, òun gan-an ló ń san èlé kí wọ́n lè bá a pa owó rẹ̀ mọ́!

Ṣé ìyá àgbà kò wá gbọ́n ni? Ó gbọ́n dáadáa. Alájọ ń bá a dé ìdí àtẹ. Kò ní wọkọ̀, kò ní pàdánù oníbàárà, kò ní kọ fọ́ọ̀mù. Èyí tó ga jù níbẹ̀ ni pé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kò ní tó owó náà títí oṣù yóò fi parí. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ló rà. Ìlànà ìṣirò á bá ọ sọ iye tí ó san, ṣùgbọ́n ohun tí ó rà, àfi kí o bi í. Tí o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìṣúná lọ́la, má fi ọ̀kan nínú méjèèjì yìí sílẹ̀.

Alájọ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Alájọ Ṣómólú, ẹni tí a fi ń yin ọmọ pé orí rẹ̀ pé. Alphaeus Táíwò Olúnáìkẹ́ lorúkọ rẹ̀; ó kú ní 2012 lẹ́ni ọdún 97. Wọ́n ní kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣi owó san. Wọ́n tún ní ó ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Àwọn èèyàn máa ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ìyanu, àmọ́ wo àwọn ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé àti ọjà ní Ṣómólú. Mọ́tò kò lè wọ ibi tí oníbàárà wà. Kẹ̀kẹ́ á wọ̀ ọ́. Ohun tí oníṣirò ń pè ní dúkìá, tí kò bá mú owó wọlé, ó yẹ kí a tà á kí a fi ra èyí tí yóò mú un wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ tí Yorùbá fún èlé gọbọi, ìṣirò ni? Ṣogúndogójì: sọ ogún di ogójì. Ọ̀nà kúkurú kan wà tí àwọn oníṣúná fi ń mọ ọdún tí ogún yóò fi di ogójì. Mú 72, fi iye èlé ọdún kan pín in. Tí èlé bá jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, ọdún mẹ́fà ni. Tó bá jẹ́ ìdá 8, ọdún mẹ́sàn-án. Ọgbọ́n yìí ti wà nínú ìwé tí Luca Pacioli, àlùfáà ará Ítálì kan, tẹ̀ jáde ní Venice ní 1494. Inú ìwé kan náà ló ti ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò Venice ṣe ń kọ owó kan sí ojú méjì, ibi tó ti kúrò àti ibi tó wọ̀, kí ìwé má bàa lè purọ́. Bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé owó ní gbogbo ayé lónìí nìyẹn.

Fi 72 yẹn dé ọ̀dọ̀ ọ̀wọ́n-gógó náà. Tí ọjà bá ń gbówó lórí ní ìdá 24 lọ́dún, bíi ọdún mẹ́ta péré ni owó tí o tọ́jú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yóò fi sọ ìdajì agbára rẹ̀ nù. Kò sí olè tó wọlé o. Ká ní mo lágbára ni, kí ọmọ Nàìjíríà kankan tó parí iléèwé girama ni màá fi ìṣirò yìí kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó ló kàn. Ṣé o mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ní Òsómàáló? Wọ́n á gbé aṣọ lọ sí ìlú onílùú, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á sì padà wá gbowó lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Tí oníbàárà bá ń sọ tibí sọ tọ̀hún, oníṣòwò á lósòó sẹ́nu ọ̀nà: òsó lòun máa ló títí owó òun yóò fi jáde. Ṣáájú tiwọn, ológò wà. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dógò ti onígbèsè: ológò á jókòó sílé rẹ̀, á máa pariwo, á máa gbé ohun ọ̀sìn ilé pa jẹ, títí ẹbí á fi wá owó jáde. Ìwé yẹn sọ ti ìwọ̀fà pẹ̀lú. Ẹni tó fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ fún olówó, iṣẹ́ yẹn sì ni èlé. Ojú owó ṣì wà níbẹ̀ digbí. Tó bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, ojú owó kò dín. Ohun ìrora ni, n kò sì ní fi dídùn bò ó. Síbẹ̀, ẹni tó bá lóye ìwọ̀fà ti lóye ohun tó ń dé bá ẹni tó yáwó tó jẹ́ pé èlé nìkan ló ń san lóṣooṣù.

Nínú kíláàsì, ohun márùn-ún ni wọn yóò ní kí o wò kí o tó yá èèyàn lówó: ìwà rẹ̀, agbára rẹ̀ láti san, owó tí òun fúnra rẹ̀ ti fi sínú òwò náà, ohun ìdúró, àti bí ọjà ṣe rí lásìkò yẹn. Ìwà ni wọ́n ń kà ṣáájú. Àwọn ìyá wa náà ń bèèrè pé, “Ọmọ ta ni? Ta ló mọ̀ ọ́n?” kí wọ́n tó gbà á sínú èsúsú.

Ṣé o mọ̀ pé Èkó ti ní báńkì láti 1892? African Banking Corporation ló kọ́kọ́ dé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, 1894, Bank of British West Africa gba ipò rẹ̀. Òun la mọ̀ sí First Bank lónìí. Àwọn òyìnbó ló ni ín, ó sì ṣòro fún oníṣòwò dúdú láti rí ẹ̀yáwó gbà níbẹ̀. Àwọn èèyàn wa gbìyànjú láti dá tiwọn sílẹ̀. Industrial and Commercial Bank bẹ̀rẹ̀ ní 1929, ó kógbá sílé lọ́dún kejì. Nigerian Mercantile Bank tẹ̀ lé e ní 1931, òun náà kò kọjá 1936. Èyí tó dúró ni National Bank of Nigeria, tí Dókítà Akínọlá Májà, Adébáyọ̀ Doherty àti Hamzat Subair dá sílẹ̀ ní 1933. Ní 1945, Olóyè Mathew Adékọ̀yà Okupe dá Agbọ́nmágbẹ Bank sílẹ̀. Ní 1969 ni ó di Wema.

Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ báńkì aláwọ̀ dúdú ti rú jáde bí olú, wọ́n sì ti kú bí olú. Kò sí òfin tó de ọ̀rọ̀ báńkì títí di 1952. Báńkì Àpapọ̀ kò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di ọjọ́ kìíní oṣù keje 1959. Owó ìdókòwò wọn kéré, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dénú kò sì pọ̀. Mo máa ń ronú nípa àwọn tó fi owó wọn síbẹ̀ nítorí pé ọmọ ìlú ẹni ló ni ín. Ìfẹ́ ìlú wà lọ́kàn àwọn olùdásílẹ̀. Ẹni tí yóò jókòó ti ìwé ìṣirò ni wọn kò rí tó.

Ọkùnrin kan ti ń múra sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yẹn. Akíntọ́lá Williams, tí wọ́n bí ní 1919, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di aṣírò owó àgbà (chartered accountant) ní 1949. Ní 1952 ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ l'Ékòó. Ó wà lára àwọn tó jẹ́ kí ọjà ìpín ìdókòwò Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1961; nígbà tí òfin dá ICAN, ẹgbẹ́ àwọn aṣírò owó àgbà, sílẹ̀ ní 1965, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ó kú ní 2023, lẹ́ni ọdún 104. Ọgbọ̀n ọdún ni ICAN sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lò kí obìnrin tó jẹ ààrẹ rẹ̀: Olóyè Olútóyìn Olákunrí, tó gorí oyè ní 1994. Òun kan náà ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di aṣírò owó àgbà nílẹ̀ wa. Ẹ̀yin òbí tó ń sọ fún ọmọbìnrin yín pé iṣẹ́ ọkùnrin ni ìṣirò, ẹ gbọ́.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àwọn tó lókìkí nínú iṣẹ́ ìṣúná ló gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé? Amòfin ni Ọ̀túnba Ṣubòmí Balógun tó dá FCMB sílẹ̀. Yaba College of Technology ni Fọlá Adéọlá ti kọ́ ìṣirò owó kí òun àti Táyọ̀ Adérìnókun tó dá Guaranty Trust Bank sílẹ̀ ní 1990. Mo dárúkọ Yaba nítorí àwọn tó ń wo ọmọ pólì bí ẹni tí kò rí ọ̀nà mìíràn. Adébáyọ̀ Ògúnlẹ́sì kàwé ní Oxford, ó gba oyè òfin àti oyè ìṣòwò ní Harvard, ó sì wà lára àwọn tó dá Global Infrastructure Partners sílẹ̀ ní 2006. Ní 2009, ilé iṣẹ́ yìí ra pápákọ̀ òfuurufú Gatwick, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti gbà wọ Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2024, BlackRock ra ilé iṣẹ́ náà ní iye tó lé ní bílíọ̀nù méjìlá dọ́là.

Wàyí o, mú nọ́ńbà àkáǹtì rẹ jáde. Nọ́ńbà mẹ́wàá ni. Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ni èyí tó kẹ́yìn? Ètò NUBAN tí Báńkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ló fi í síbẹ̀. Mú nọ́ńbà mẹ́ta tó dúró fún báńkì, fi mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà àkáǹtì tì í, wọ́n di méjìlá. Sọ ti àkọ́kọ́ di ìlọ́po 3, èkejì ìlọ́po 7, ẹ̀kẹta ìlọ́po 3, kí o tún bẹ̀rẹ̀ láti 3, 7, 3 títí wọn yóò fi tán. Da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wo nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú àròpọ̀ náà, kí o yọ ọ́ kúrò nínú 10. Ohun tó kù ni ẹ̀ṣọ́. Tó bá ku 10, òdo ni. Bí àpẹẹrẹ, báńkì 011 àti 000001457: àròpọ̀ wọn jẹ́ 81. Yọ 1 kúrò nínú 10, ó ku 9. Àkáǹtì náà di 0000014579.

Bí o bá ṣi nọ́ńbà kan ṣoṣo tẹ̀, àròpọ̀ kò ní bá ẹ̀ṣọ́ mu mọ́. Ìdí ni pé bí o bá sọ 0 dé 9 di ìlọ́po 3 tàbí ìlọ́po 7, kò sí méjì nínú wọn tí ìparí rẹ̀ jọra. Ṣùgbọ́n bí o bá fi nọ́ńbà méjì gba ipò ara wọn, ó lè yọ́ kọjá lára ẹ̀ṣọ́ nígbà mìíràn. Nítorí náà, wo orúkọ kí o tó fi owó ránṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ ìṣúná owó ní ìtàn ìgbéraga tirẹ̀, kò sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan jáde láìgbọ́ ọ. Ní 1952, Harry Markowitz fi ìṣirò hàn pé ẹni tó pín owó rẹ̀ sí òwò tí ìṣe wọn kò jọra lè dín ewu kù láì dín èrè kù tó bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tó gbin iṣu, tó gbin àgbàdo, tó tún ní kòkó lóko ti mọ̀ pé òjò kan náà kò lè ba gbogbo wọn jẹ́. Nígbà tí Markowitz ń dáhùn ìbéèrè fún oyè dókítà ní Chicago, Milton Friedman ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé. Ní 1990, ẹ̀bùn Nobel ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé dé ọwọ́ rẹ̀. Àwọn méjì mìíràn, Robert Merton àti Myron Scholes, gba irú ẹ̀bùn yẹn ní 1997. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn alábàápín ilé iṣẹ́ Long-Term Capital Management. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ náà pàdánù ohun tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là, báńkì 14 ló sì kó owó jọ kí ó má bàa wó lu àwọn yòókù. Gbèsè tí wọ́n jẹ láti fi dówò ló pọ̀ ju owó tiwọn lọ fíìfíì. Olóye ni wọ́n. Gbèsè kò mọ olóye.

Báńkì nìkan kọ́ ni ibi iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ń wá ẹni tó lè ṣírò òfò tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Ọjà ìpín ìdókòwò ń wá alágbàtà. NDIC ń wá ẹni tó lè rí àìsàn báńkì kí ó tó kú. Ilé iṣẹ́ náà ló ń dúró fún owó tí o fi sí báńkì okòwò, títí dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà láti 2024. Owó ìfẹ̀yìntì náà wà ńbẹ̀: òfin 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ dá 10. Ẹnì kan ní láti máa tọ́jú owó náà fún ọgbọ̀n ọdún láìjẹ́ kí ọ̀wọ́n-gógó jẹ ẹ́ tán. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì sì máa ń fẹ́ alábàárìn: ICAN, CIBN fún àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, tàbí CFA, ìwé ẹ̀rí àwọn onímọ̀ ìdókòwò, tí èèyàn 284 péré jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ní 1963. Ìpele mẹ́ta ni CFA. Wọ́n ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó fi bíi ọ̀ọ́dúnrún wákàtí kàwé fún ìpele kọ̀ọ̀kan.

Tí iléèwé bá ní kí o lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n bá fi ọ́ sídìí ẹ̀rọ ẹ̀dà-ìwé fún oṣù mẹ́fà bí wọ́n ti ṣe fún mi níbì kan, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o wo ìwé ẹ̀yáwó kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wo ohun tí ayáwó sọ lọ́jọ́ kìíní, wo ohun tí ó san lóṣù kẹta, wo orúkọ onídùúró. Lẹ́yìn náà, lọ sí ọjà tó wà lẹ́yìn báńkì náà, kí o bi obìnrin kan pé èló ni alájọ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì ṣírò rẹ̀ fún un.